Ọpọlọ Ènìyàn: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Bó Ṣe Rí àti Iṣẹ́ Tó Ń Ṣe

Àwọn ìbéèrè tí èèyàn sábà máa ń béèrè nípa ọpọlọ ló wà nísàlẹ̀ yìí, pẹ̀lú ìdáhùn wọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti pọ̀, a ó dúró síbẹ̀ dáadáa. Ibi tí kò bá pọ̀, a ó tètè kọjá. Bí ẹ bá ṣe ń kà á lọ, ẹ ó rí i pé ara àwọn tí ọpọlọ wọn fara pa ni wọ́n ti kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ̀ yìí. Ìgbà tí ibì kan bá bàjẹ́ ni iṣẹ́ tó ti ń ṣe látọjọ́ máa ń hàn sí gbogbo ayé.

Báwo ni ọpọlọ ṣe rí gan-an?

Ó rọ̀ púpọ̀. Èyí tí wọ́n ń fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti le nítorí kẹ́míkà tí wọ́n rẹ ẹ́ sí. Ti alààyè kò le bẹ́ẹ̀ rárá. Bí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, ìwúwo ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Ti àgbàlagbà wúwo tó nǹkan bíi 1.3 sí 1.4 kg. Òde rẹ̀ hun jọ, ó ní gegele, ó sì ní kòtò, nítorí pé ìpele òde yẹn, tí nínípọn rẹ̀ kò ju mìlímítà méjì sí mẹ́rin lọ, fẹ̀ ju àyè tó wà nínú agbárí lọ fíìfíì. Bí ìgbà tí èèyàn bá ki aṣọ ńlá bọ inú àpò kékeré ló ṣe ká lura. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ló sá pamọ́ sínú àwọn kòtò yẹn.

Bí wọ́n bá là á sí méjì, àwọ̀ méjì ló máa hàn: òde rẹ̀ rí bí eérú, inú rẹ̀ funfun. Ibi tó rí bí eérú ni àwọn sẹ́ẹ̀lì fúnra wọn kóra jọ sí. Ibi funfun ni àwọn okùn tíntìntín tó so àwọn sẹ́ẹ̀lì náà pọ̀. Ọ̀rá tó wé mọ́ okùn wọ̀nyí ló mú kó funfun.

Ṣé ẹni tí orí rẹ̀ bá tóbi ló ní ọpọlọ pípé jù?

Rárá o. Bó bá jẹ́ ti ìtóbi ni, erin ni ì bá máa kọ́ wa níwèé, torí pé ọpọlọ tirẹ̀ tó nǹkan bíi kílò márùn-ún. Nígbà tí Albert Einstein, gbajúmọ̀ onímọ̀ físíìsì, kú lọ́dún 1955, dókítà kan yọ ọpọlọ rẹ̀, ó sì wọ̀n ọ́n: 1,230 gíráàmù ni. Ó kéré sí ti ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí kò ṣe ìṣirò kankan rí láyé wọn.

Iye sẹ́ẹ̀lì àti bí wọ́n ṣe so mọ́ra ló jà jù. Ó pẹ́ tí ìwé fi ń sọ pé bílíọ̀nù 100 ni níúrọ́ọ̀nù, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn kiri nínú ọpọlọ. Lọ́dún 2009, Suzana Herculano-Houzel àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Bràsíl gbé iye tuntun jáde: nǹkan bíi bílíọ̀nù 86. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kà á dára láti gbọ́. Wọ́n fi kẹ́míkà sọ ọpọlọ di omi, wọ́n pò ó títí ó fi dọ́gba, wọ́n bu díẹ̀ sábẹ́ maikirosíkóòpù, wọ́n ka kóró sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú èyí tí wọ́n bù, wọ́n wá fi ìyẹn ṣírò gbogbo rẹ̀.

Kí ló ń dáàbò bo ohun tó rọ̀ tó báyìí?

Agbárí ni àkọ́kọ́. Lábẹ́ agbárí, awọ mẹ́ta ló wé ọpọlọ: èyí tó yi jù wà lókè, èyí tó fẹ́lẹ́ jù lẹ̀ mọ́ ọpọlọ tímọ́tímọ́. Àwọn awọ yìí ni àrùn yírùnyírùn máa ń bá jà. Láàrin wọn ni omi kan wà tó mọ́ lóló, nǹkan bíi 150 mìlílítà lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ara ń ṣe tó 500 mìlílítà lóòjọ́, tó fi hàn pé ó ń pààrọ̀ rẹ̀ ju ìgbà mẹ́ta lọ láàárín ọjọ́ kan. Nínú omi yìí ni ọpọlọ léfòó sí. Ohun tó wọ̀n ju kílò kan lọ níta kò tẹ̀wọ̀n ju bíi 50 gíráàmù lọ nínú omi náà. Bí èèyàn bá yí orí padà lójijì, omi yìí ni kì í jẹ́ kí ọpọlọ máa forí sọ egungun.

Ààbò mìíràn wà tí a kì í fojú rí. Ògiri àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wọ inú ọpọlọ há ju ti ibi yòókù lára lọ, kì í ṣe gbogbo ohun tó bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń ríbi wọlé. Ó dára bẹ́ẹ̀ nítorí májèlé àti kòkòrò àrùn. Ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ wàhálà fún àwọn oníṣègùn, torí púpọ̀ nínú oògùn tí wọ́n fẹ́ lò fún àìsàn ọpọlọ ni ògiri náà ń dá padà.

Ọ̀nà mélòó ni ọpọlọ pín sí?

Mẹ́ta, bí a bá fẹ́ sọ ọ́ lọ́nà tó rọrùn. Ọpọlọ ńlá ló wà lókè, òun ló gba àyè tó pọ̀ jù. Ọpọlọ kékeré wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn, ní ìpàkọ́. Ìdí ọpọlọ ló so méjèèjì mọ́ okùn tó gba inú egungun ẹ̀yìn kọjá. Ọpọlọ ńlá fúnra rẹ̀ pín sí apá ọ̀tún àti apá òsì, apá kọ̀ọ̀kan sì ní ẹkùn mẹ́rin: ti iwájú, ti òkè, ti ẹ̀gbẹ́ etí, àti ti ẹ̀yìn.

Kí a tó lọ jìnnà: ẹ má ṣe rò pé ààlà àwọn ẹkùn yìí dà bí ògiri. Kò sí iṣẹ́ gidi kan tí ẹkùn kan ń dá ṣe. Bí ẹ ṣe ń ka gbólóhùn yìí, ti ẹ̀yìn ń rí lẹ́tà, ti ẹ̀gbẹ́ ń fún un ní ìtumọ̀, ti iwájú sì ń pinnu bóyá kí ẹ máa kà á nìṣó.

Kí ni iṣẹ́ apá iwájú?

Ìpinnu, ètò, ìkóra-ẹni-níjàánu, àti ìṣípòpadà ara. Ìtàn Phineas Gage ni gbogbo èèyàn fi ń ṣàlàyé rẹ̀, ó sì tó ohun tí a ń gbọ́.

Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án ọdún 1848, ní Cavendish ní ìpínlẹ̀ Vermont lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Gage ń darí àwọn tó ń la ọ̀nà rélùwéè gba inú àpáta. Ẹni ọdún 25 ni. Ó ń fi ọ̀pá irin ki ẹ̀tù sínú ihò àpáta nígbà tí ẹ̀tù náà gbiná. Ọ̀pá náà gùn ju mítà kan lọ, ó wúwo tó kílò mẹ́fà. Ó gba abẹ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì wọlé, ó gba àtàrí jáde, ó sì lọ balẹ̀ lókèèrè. Gage kò kú. Kò pẹ́ tó fi sọ̀rọ̀, ó jókòó nínú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi gbé e lọ sílé ìtura, ó sì bá dókítà sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kékeré lọ̀rọ̀ náà.

Ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ yí padà. Dókítà John Harlow tó tọ́jú rẹ̀ kọ̀wé pé ọkùnrin tó jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́ tó mọ ètò ṣe tẹ́lẹ̀ di aláìnísùúrù, abúni, ẹni tí kì í dúró lórí ìpinnu kan. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kì í ṣe Gage mọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé máa ń parí ìtàn náà sí, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Gage lọ sí orílẹ̀-èdè Chile, ó sì fi ọdún bíi mélòó kan wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tó ń kó èrò níbẹ̀. Iṣẹ́ yẹn gba ìfarabalẹ̀ àti ètò. Ó dà bí ẹni pé ọpọlọ tó kù tún ara rẹ̀ tò. Ó kú lọ́dún 1860. Agbárí rẹ̀ àti ọ̀pá irin náà ṣì wà nípamọ́ ní Yunifásítì Harvard.

Àwọn ẹkùn tó kù ńkọ́?

Ti ẹ̀yìn ló ń ṣiṣẹ́ ìríran. Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu pé ojú wà níwájú, ibi tí a ti ń rí nǹkan sì wà ní ìpàkọ́. Ẹni tí ibẹ̀ bá bàjẹ́ pátápátá lè fọ́jú láìsí ohun tó ṣe ẹyinjú rẹ̀. Ti ẹ̀gbẹ́ etí ló ń gbọ́ ohùn, òun náà ló sì ń dá ojú èèyàn mọ̀. Àwọn kan wà tí apá yẹn bàjẹ́ tí wọn kò lè dá ojú ìyàwó wọn mọ̀, àfi bó bá sọ̀rọ̀.

Ti òkè ló ń gba ìròyìn ìfọwọ́kàn, ooru àti ìrora láti gbogbo ara. Wilder Penfield, oníṣẹ́ abẹ ní ìlú Montreal, ló fi hàn bí àwòrán ara ṣe tẹ́ síbẹ̀. Bó bá ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn tó ní wárápá, wọ́n á wà lójúfò, yóò wá máa fi iná mànàmáná tí kò tó nǹkan tọ́ ibi kọ̀ọ̀kan. Aláìsàn á ní òun ń gbọ́ ọ lára ní ìka, ní ètè, ní ẹsẹ̀. Àyè tí ọwọ́ àti ètè gbà níbẹ̀ ju ti gbogbo ẹ̀yìn lọ dáadáa. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ìka fi lè dá òkúta wẹ́wẹ́ kan mọ̀ sí òmíràn, tí ẹ̀yìn kò sì lè sọ bóyá ìka kan ló tọ́ ọ àbí méjì.

Ibo ni ọ̀rọ̀ sísọ ti ń wá?

Apá òsì ni, lọ́dọ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú wa, àti púpọ̀ nínú àwọn tó ń lo ọwọ́ òsì pàápàá.

Lọ́dún 1861, aláìsàn kan wá sọ́dọ̀ dókítà Paul Broca ní Paris. Leborgne lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n «Tan» ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ohun kan ṣoṣo tó lè sọ nìyẹn. Bí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè, «tan, tan» ni. Ó gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, ó ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe, inú sì máa ń bí i tí wọn kò bá mọ ohun tó ń wí. Lẹ́yìn tó kú, Broca rí i pé ibì kan níwájú lápá òsì ti bàjẹ́. Ọdún 1874 ni dókítà Carl Wernicke ní Jámánì kọ̀wé nípa irú mìíràn: àwọn tí ọ̀rọ̀ ń dà lẹ́nu wọn wàrà, tó yọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n tí kò ní orí tí kò ní ìdí, tí wọn kò sì gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn ń wí yé. Tiwọn, ibi tó sún mọ́ etí òsì ló bàjẹ́. Ìyẹn fi hàn pé pípe ọ̀rọ̀ jáde lọ́tọ̀, òye ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Lóde òní wọ́n mọ̀ pé ibi tó ń lọ́wọ́ nínú èdè pọ̀ ju méjì lọ.

Òótọ́ ni pé òsì ọpọlọ ló ń darí ọ̀tún ara?

Òótọ́ ni. Àwọn okùn tó ń gbé àṣẹ lọ sí apá àti ẹsẹ̀ máa ń kọjá lára wọn ní ìdí ọpọlọ, ti òsì á bọ́ sí ọ̀tún, ti ọ̀tún á bọ́ sí òsì. Nítorí náà, ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú apá òsì ara rẹ̀, ọ̀tún ọpọlọ ni kí ẹ wò.

Afárá ńlá kan ló so apá méjèèjì pọ̀, okùn inú rẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 200. Àwọn oníṣègùn kan gé afárá yìí fún àwọn tí wárápá wọn kò gbọ́ oògùn, kí gìrì má bàa rí ọ̀nà bọ́ sí apá kejì. Roger Sperry, tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1981, bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ wò. Wọ́n á ní kí ẹni náà tẹjú mọ́ àárín ògiri, wọ́n á wá tan àwòrán sápá òsì ibi tó tẹjú mọ́ náà, kò ní tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tó wà lápá òsì ojú, ọ̀tún ọpọlọ ló ń lọ, ọ̀tún kò sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. «Kí lẹ rí?» «Mi ò rí nǹkan kan.» Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kó fi ọwọ́ òsì wá nǹkan lábẹ́ aṣọ, ọwọ́ náà á mú ohun tó wà nínú àwòrán gan-an, ẹnu rẹ̀ ò sì ní mọ ìdí tó fi mú un.

Ṣé òótọ́ ni pé àwọn kan ń lo òsì, àwọn kan ń lo ọ̀tún?

Irọ́ ni. Àwọn tó ń ta kóòsì ló fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn. Òòtọ́ tó wà níbẹ̀ kò ju pé iṣẹ́ díẹ̀, bí èdè, fì sí apá kan lọ. Akọrin àti oníṣirò, apá méjèèjì ni wọ́n ń lò.

Kí ni ọpọlọ kékeré ń ṣe ní ìpàkọ́?

Òun ló ń mú kí ìrìn gún, kí ọwọ́ bá ohun tó fẹ́ mú pàdé láìṣì í mú. Ìwúwo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n nínú bílíọ̀nù 86 níúrọ́ọ̀nù yẹn, nǹkan bíi bílíọ̀nù 69 ló wà nínú rẹ̀. Ẹ wo ọ̀mùtí tó ń ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀ lójú ọ̀nà: ọtí ti dé ọpọlọ kékeré nìyẹn.

Òun náà ló fà á tí èèyàn kò fi lè rín ara rẹ̀ ní ìgàkè kó sì rẹ́rìn-ín. Ó ti mọ ohun tí ọwọ́ ẹni fẹ́ ṣe kí ọwọ́ tó ṣe é, ó sì ti sọ fún ìyókù ọpọlọ pé kí wọ́n má ka ìfọwọ́kàn náà sí.

Ìdí ọpọlọ ńkọ́?

Èémí, ìlù ọkàn, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, gbígbé nǹkan mì, jíjí àti sísùn: ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Ó kéré, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ tí ọpọlọ ńlá lè fara dà, bó bá jẹ́ níbẹ̀ ni, ó lè pa èèyàn lójú ẹsẹ̀. Bí dókítà bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọpọlọ ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ amúnimí ti kú, ibẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò: wọ́n á tan iná sójú rẹ̀ bóyá ọmọlójú rẹ̀ á sún kì, wọ́n á wò ó bóyá á wúkọ́, bóyá á fúnra rẹ̀ mí.

Kí ló wà láàrin gbùngbùn?

Ọ̀pọ̀ nǹkan kéékèèké. Thalamus ni ọ̀pọ̀ ìròyìn láti ojú, etí àti ara ń gbà kọjá kó tó dé òde ọpọlọ. Òórùn nìkan ló ní ọ̀nà tirẹ̀ tí kò kọ́kọ́ gba ibẹ̀. Hypothalamus, tó kéré gan-an, ló ń ṣọ́ ebi, òùngbẹ, ooru ara àti àwọn họ́mọ̀nù. Amygdala ló ń tètè gbọ́ òórùn ewu, ẹ̀rù á sì ti bani kí a tó mọ ohun tó ń bà wá lẹ́rù. Hippocampus tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nílò ìdáhùn tirẹ̀.

Ibo là ń kó ohun tí a rántí sí?

Kò sí àpótí kan pàtó. Ọkùnrin kan ló jẹ́ kí ayé mọ̀ ọ́n. Henry Molaison ní wárápá tó le, kò lè ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1953, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 27, oníṣẹ́ abẹ William Scoville yọ púpọ̀ nínú hippocampus rẹ̀ àti ohun tó yí i ká, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Wárápá náà dín kù gidigidi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn títí tó fi kú lọ́dún 2008, Henry kò lè fi ohun tuntun sọ́kàn mọ́. Ó rántí ìgbà èwe rẹ̀, ó gbọ́n, ó máa ń ṣàwàdà, ó lè bá èèyàn sọ̀rọ̀ pẹ́. Bí ẹni náà bá jáde tó sì padà wọlé, wọ́n tún máa kí ara wọn bí àlejò.

Onímọ̀ Brenda Milner ní kó máa tọ ilà àwòrán ìràwọ̀ kan nígbà tó jẹ́ pé inú dígí nìkan ló ti ń rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ṣòro fún ẹnikẹ́ni lákọ̀ọ́kọ́. Henry ṣe é lọ́jọ́ mẹ́ta, lójoojúmọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ sì ń dá ṣáṣá sí i, bẹ́ẹ̀ kò sọjọ́ tó rántí pé òun ti ṣe é rí. Ìràntí ohun tó ṣẹlẹ̀ gba ọ̀dọ̀ hippocampus. Ìmọ̀ọ́ṣe ọwọ́ gba ibòmíràn, ọpọlọ kékeré náà wà níbẹ̀. Àwọn ìràntí àtijọ́ sì ti tàn ká òde ọpọlọ, ìdí nìyẹn tí ti ìgbà èwe rẹ̀ kò fi bá a lọ.

Fún èmi, kò sí aláìsàn tí ìmọ̀ ọpọlọ jẹ ní gbèsè tó ọkùnrin yìí, kò sì mọ̀ ọ́n.

Báwo ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀?

Níúrọ́ọ̀nù ní ẹ̀ka kéékèèké tó fi ń gba ìròyìn, ó sì ní okùn gígùn kan tó fi ń rán an jáde. Inú okùn náà, iná mànàmáná ni. Bí ọ̀rá bá wé okùn náà, iná á máa fò láti ibi kan sí òmíràn, ó sì lè sáré tó mítà 120 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tí ọ̀rá kò wé lè máà tó mítà méjì. Àìsàn multiple sclerosis, ọ̀rá yìí gan-an ló ń jẹ.

Tó bá dé òpin okùn, àyè tíntìntín kan wà láàrin òun àti èkejì. Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ fi ń jiyàn bóyá iná ló ń fò ó kọjá tàbí kẹ́míkà. Otto Loewi ló yanjú rẹ̀ lọ́dún 1921, ojú oorun ló sì ti rí ọ̀nà náà. Ó jí lóru, ó kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà tó di àárọ̀ kò lè ka ohun tó kọ. Àlá náà padà wá lóru ọjọ́ kejì; lọ́tẹ̀ yìí, ó dìde lọ́gán, ó gba iyàrá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó mú ọkàn àkèré méjì, ó ru iṣan tó ń mú ọkàn àkọ́kọ́ rọra lù sókè, ó gba omi tó yí ọkàn náà ká, ó dà á sí èkejì. Èkejì náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọra lù. Kẹ́míkà ni nígbà náà.

A ti mọ púpọ̀ nínú wọn báyìí: glutamate tó ń ru sẹ́ẹ̀lì sókè, GABA tó ń pa á lẹ́nu mọ́, dopamine, serotonin àtàwọn mìíràn. Nínú àìsàn Parkinson, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe dopamine níbì kan ní ìdí ọpọlọ ló ń kú, ni ọwọ́ fi ń gbọ̀n tí ìrìn sì ń falẹ̀.

Kí ló dé tí ọwọ́ fi máa ń kúrò nínú iná kí ó tó dùn wá?

Okùn inú egungun ẹ̀yìn ló pa àṣẹ yẹn, kò dúró de ọpọlọ. Ìròyìn ìrora ṣì wà lọ́nà nígbà tí ọwọ́ ti kúrò.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ọpọlọ là ń lò?

Kò sóòótọ́ níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ fi hàn pé gbogbo rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, kódà bí a bá sùn. Bó bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọta ìbọn mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tó bá wọ orí kì bá tí ṣe èèyàn ní nǹkan kan.

Ẹ tún wo ohun tó ń ná ara. Ọpọlọ kò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ara lọ, ṣùgbọ́n ó ń gba nǹkan bí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún atẹ́gùn ọ́síjìn tí ara ń lò. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá mẹ́rin ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ gòkè lọ bá a, méjì níwájú ọrùn, méjì nínú egungun ọrùn lẹ́yìn, nǹkan bíi 750 mìlílítà láàárín ìṣẹ́jú kan. Kò ní ibi ìpamọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dá pátápátá, èèyàn á dákú láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Bó bá tó ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún, sẹ́ẹ̀lì ti ń kú.

Ṣé ọpọlọ fúnra rẹ̀ máa ń dùn èèyàn?

Kì í dùn. Kò ní ohun tó fi ń mọ ìrora, ìdí sì nìyẹn tí àwọn aláìsàn Penfield fi lè máa bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí orí wọn wà ní ṣíṣí. Bí orí bá ń fọ́ni, àwọn awọ tó wé ọpọlọ, iṣan ẹ̀jẹ̀, tàbí ẹran ọrùn àti ti orí ló ń dùn.

Báwo ni èèyàn ṣe máa mọ̀ pé rọpárọsẹ̀ ti dé?

Ẹ ní kí ẹni náà rẹ́rìn-ín: ṣé ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan? Ẹ ní kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú: ṣé ọ̀kan ń bọ́ sílẹ̀? Ẹ ní kó tún gbólóhùn kan sọ: ṣé ahọ́n rẹ̀ ti wúwo tàbí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara? Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó. Ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀, kódà bó bá tún yá padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ má ṣe fún un ní oúnjẹ tàbí oògùn kankan lẹ́nu, torí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lè má ṣiṣẹ́ mọ́. Kí ẹ sì rántí aago tó bẹ̀rẹ̀: bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí iṣan, oògùn tó ń tú u kì í sábà ṣeé fún èèyàn mọ́ bó bá ti ju wákàtí mẹ́rin àbọ̀ lọ. Bó bá sì jẹ́ pé iṣan ló bẹ́, oògùn yẹn kan náà á pa ẹni náà lára, ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń ya àwòrán ọpọlọ ná.

Ìgbà wo ni ọpọlọ máa ń dàgbà tán?

Ó pẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ òbí ṣe rò lọ. Tí ọmọ bá fi máa pé ọdún mẹ́fà, ọpọlọ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó ti àgbàlagbà, ṣùgbọ́n ìsopọ̀ inú rẹ̀ ṣì ń lọ lọ́wọ́. Apá iwájú ló ń parí kẹ́yìn, lẹ́yìn ọmọ ogún ọdún dáadáa. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó ń ṣe ohun tó léwu láìro ẹ̀yìn ọ̀la, agídí nìkan kọ́.

Bó bá dàgbà tán náà, kò di òkúta. Lọ́dún 2000, Eleanor Maguire àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé ìwádìí jáde lórí àwọn awakọ̀ táksì ní London, tí wọ́n gbọ́dọ̀ há ẹgbẹẹgbẹ̀rún òpópónà sórí kí wọ́n tó gba ìwé àṣẹ. Ẹ̀yìn hippocampus wọn tóbi ju ti ẹlòmíràn lọ, bẹ́ẹ̀ ọdún tí wọ́n ti fi wa ọkọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń tóbi tó.

Ṣé èèyàn lè wà láàyè pẹ̀lú ìdajì ọpọlọ ńlá?

Ó lè ṣe é. Àwọn ọmọdé kan wà tí àìsàn bá ìdajì kan jà débi pé gìrì ń mú wọn lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́, tí oògùn kò ràn án. Àwọn oníṣẹ́ abẹ á yọ ìdajì náà tàbí kí wọ́n gé e kúrò lára ìyókù. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń rìn, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń lọ sílé-ìwé. Ọwọ́ tó wà ní òdìkejì kì í ní agbára tó, ìka rẹ̀ kì í sì lè ṣe iṣẹ́ wẹ́wẹ́. Wọn kì í rí ohun tó wà ní ẹ̀gbẹ́ yẹn lójú méjèèjì. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òsì ni wọ́n yọ, tí ọmọ náà sì kéré, ọ̀tún lè gba iṣẹ́ èdè mọ́ra. Fún àgbàlagbà, ìyẹn ṣòro púpọ̀: ẹni àádọ́ta ọdún tí òsì rẹ̀ bàjẹ́ lè má sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́ láé, bó ti wù kó gbìyànjú tó.